Ọjọ́ Tí Àga Ṣíámáànù Wà Nílé Mi

Bí mo bá wọ ilé onílé lónìí, kí n tó kí onílé tán ni ojú mi á ti máa wá bẹ́ǹṣì. Bí kò bá sí bẹ́ǹṣì, mo wá àpótí. Bí kò bá sí àpótí, mo dúró. Màá ní orúnkún ń dùn mí, pé dókítà ní kí n má máa jókòó. Kò sí dókítà tó sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ mi ti mọ̀. Wọ́n máa ń tì mí lọ sídìí àga ìrọ̀gbọ̀kú ilé wọn bí ẹni ń ti ewúrẹ́ wọnú odò, èmi náà á sì máa fà sẹ́yìn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, wọn ò tíì dáyé, àfi àkọ́bí, inú ìyá rẹ̀ lòun náà sì wà.

Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan nínú wọn ti kú, àwọn kan ò tíì kú, àwọn tí ò tíì kú sì bímọ. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan pẹ̀lú. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n ti mọ̀ wọ́n, ẹni tí ò bá mọ̀ wọ́n ò pàdánù ohunkóhun.

Ìlú kékeré kan ni, bí ènìyàn bá ti Ẹ̀jìgbò ń lọ sí Ìsundunrin. Iṣu àti ẹ̀gẹ́ là ń gbìn níbẹ̀. Bí ìlú náà ti kéré tó, ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọn kì í sì í jọ lu agogo lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì jẹ́ tísà kékeré nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ni.

Ilé-ìwé wa ò ní ju yàrá mẹ́ta lọ. Àwọn òbí wá kó ara wọn jọ pé àwọn fẹ́ kọ́ mẹ́ta mìíràn kún un. Wọ́n fi bàbá kan tó ń la gẹdú ṣe olórí, wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé. Láti ọjọ́ náà ni ẹnikẹ́ni ò ti pe bàbá náà lórúkọ mọ́. Ṣíámáànù là ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá, bó bá fẹ́ bu oúnjẹ fún un, á ní, "Ṣíámáànù, ẹ ẹ̀ tíì fọwọ́?"

Bàbá náà fẹ́ràn orúkọ yìí ju bí mo ṣe lè wí lọ. Ó fi gẹdú tó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀ fún káfíńtà kan ní Ẹ̀jìgbò, ó ní kó kan àga fún òun. Àga náà tóbi, ó ní apá méjì, ó sì ní tìmùtìmù pupa. Bí ìpàdé bá yá, orí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ ilé-ìwé ni gbogbo àgbà ìlú máa ń jókòó sí, tí orúnkún wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Òun nìkan ló ń jókòó sórí àga. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rù ú wá, òun ló ń rù ú lọ. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e.

Lọ́jọ́ kan, láàrin ìpàdé, ó yíjú sí mi.

"Tísà, ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ń pè mí yìí, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an? Ẹ ń pè mí, mo ń jẹ́ ẹ, ó yẹ kí n mọ ohun tí mò ń jẹ́."

Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé-ìwé wa ní ìwé atúmọ̀-èdè ńlá kan tó wúwo bí bíríkì. Mo yá a, mo kà á fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí ìpàdé kejì dé, mo dìde dúró bí oníwàásù.

Mo sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì so pọ̀, àga àti ọkùnrin. Mo ní láyé àtijọ́ nílẹ̀ wọn, àga ò wọ́pọ̀. Bẹ́ǹṣì ni gbogbo ará ilé ń jókòó sí, àwọn mìíràn a jókòó sílẹ̀. Olórí ilé nìkan ló ní àga. Nítorí náà, ẹni tó bá wà lórí àga ni gbogbo ènìyàn ń wojú rẹ̀. Mo ní orúkọ tí wọ́n ń pe àga gan-an kì í ṣe tiwọn, ọwọ́ Faransé ni wọ́n ti gbà á, Faransé gbà á lọ́wọ́ àwọn ará Róòmù, àwọn yẹn gbà á lọ́wọ́ Gíríìkì. Mo ní òun náà ló fà á tí wọ́n fi ń pe ṣọ́ọ̀ṣì bíṣọ́ọ̀bù ní kàtídírà, torí pé ibẹ̀ ni àga bíṣọ́ọ̀bù wà.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mi ò tíì gbọ́ irú àtẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Bàbá arúgbó kan tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, olóyè ìdílé kan, mi orí.

"Ìyẹn ni pé àga ni ọ̀gá. Ènìyàn kàn fìdí kàn án ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Bí ikán bá wá jẹ àga ńkọ́?"

Ìmọ̀ ń gùn mí. Mo ní, "Oyè tán nìyẹn, Bàbá."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ṣíámáànù ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo máa fi dé ilé rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ó ti ki ẹsẹ̀ àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ agolo mílíìkì, ó sì rọ kẹrosíìnì kún wọn.

Ọkùnrin kan wà láàrin wa tó ti pẹ́ ní Àbíjàn kó tó padà wálé. Òun nìkan lọ̀rọ̀ náà ò jọ lójú. Ó ní, "Lọ́dọ̀ tiwa, pàtúrọ́ọ̀nù là ń pe ọ̀gá. Pàtúrọ́ọ̀nù ò nílò àga. Inú mọ́tò ló máa ń wà."

Ọdún kan kọjá. Nígbà tó di ọdún karùn-ún lẹ́yìn òmìnira, wọ́n dìbò ní ẹkùn wa. Àwọn kan ní àwọn wọlé, àwọn kan ní irọ́ ni. Ohun tó tẹ̀ lé e, ẹni tó bá ti tó ọjọ́ orí mi mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń da pẹtiróòlù sí ilé. Wọ́n ń dà á sí ènìyàn. Mo lọ sí Ẹ̀jìgbò lọ́jọ́ kan láti gba ṣọ́ọ̀kì ilé-ìwé, mo rí bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lójú títì, tuntun ni, okùn rẹ̀ ṣì wà ní dídì. Ẹnikẹ́ni ò mú un. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, mo padà sílé.

Àwọn tọ́ọ̀gì òṣèlú ń ti ìlú bọ́ sí ìlú nínú lọ́rì. Bí wọ́n bá dé, ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé, "Ta ni ṣíámáànù?" Wọn kì í bèèrè ṣíámáànù kí ni. Ní abúlé kan, wọ́n na ṣíámáànù ẹgbẹ́ akọrin títí apá rẹ̀ fi yẹ̀. Ó ń pariwo fún wọn pé orin lòun ń kọ, wọ́n ní kó kọ ọ́.

Wọ́n sì ní ìbúra kan. Wọ́n á na àdá sí ọ, wàá fi ahọ́n kàn án, wàá wá sọ tẹnu rẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le fún wa. Ní ìlú wa, kò sí ẹni tó ń fi irin búra èké. Àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì máa ń wàásù pé irin lásán ni, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ahọ́n kàn án.

A ṣèpàdé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ṣíámáànù gbé àga rẹ̀ wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó gbé e sáàrin, òun fúnra rẹ̀ wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mo ti fi ipò sílẹ̀," ó wí.

"Ta lo fi í sílẹ̀ fún?" ni ará Àbíjàn bi í.

"Ẹ̀yin."

"Ẹ̀yin wo? Yọ mí kúrò nínú ẹ̀yin yẹn o."

Alàgbà kan ní kí a sáà sọ pé a ò ní ṣíámáànù. Bàbá ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ní, "Lórí irin?"

Bàbá náà ló tún tu wá sílẹ̀. Ó ní, "Ṣebí Tísà ti kọ́ wa. Ẹni tó ni àga ni ṣíámáànù. Bí ẹnikẹ́ni ò bá ni àga, a ò ní ṣíámáànù. Irin ò ní í bá wa jà."

Ẹnì kan ní kí a kúkú fọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tí Ṣíámáànù fi dìde. "Ẹ má fọ́ ọ o. Mi ò tíì kú." Òótọ́ ló sọ. Ìjókòó ẹni tó ń bẹ láyé, a kì í fọ́ ọ. Èpè nìyẹn.

Ibi tí wọ́n parí ọ̀rọ̀ sí ni pé àga á máa ti ilé kan bọ́ sí ilé kejì ní gbogbo ọjọ́ ọjà, tí kò fi ní í di ti ẹnikẹ́ni.

"Ẹni tó bá wá wà nílé rẹ̀ ńkọ́?"

"Alágbàtọ́ ni. Ẹni tó bá aládùúgbò so ewúrẹ́, ṣé òun ló ni ewúrẹ́?"

Wọ́n wá yíjú sí mi. Wọ́n ní ṣé èdè Gẹ̀ẹ́sì gbà bẹ́ẹ̀. Mo ní ó gbà bẹ́ẹ̀. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n rí i pé mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìpàdé, inú bí wọn. Wọ́n ní kí n fa ewé náà ya. Mo fà á ya. Wọ́n ní kí n sun ún. Bàbá ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ní kò sí iná sísun láàrin ìlú nírú àkókò yìí, ẹni tó bá rí èéfín á gbé ẹsẹ̀ sá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dúró tì mí tí mo fi jẹ ewé náà tán. Tàdáwà rẹ̀ korò.

Àga bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹnikẹ́ni ò gbà kó ríbi jókòó dáadáa. Ẹnì kan gbé e sínú ilé ewúrẹ́. Ẹnì kan gbé adìyẹ tó ń sàba lé tìmùtìmù pupa náà, nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, adìyẹ ò gbà láti dìde, àtàga àtadìyẹ ni wọ́n jọ lọ sí ilé kejì. Ní ilé alàgbà kan, wọ́n yí i kojú sí ògiri bí ọmọ tó ṣẹ̀.

Ìyá ìyá ìyàwó mi ti wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ẹ̀jìgbò ló ti wá, torí pé oyún ìyàwó mi ti wọ oṣù rẹ̀. Olórìṣà Ògìyán, òrìṣà Ẹ̀jìgbò tó fẹ́ràn iyán, ni Ìyá Àgbà, aṣọ funfun ló ń wọ̀ lójoojúmọ́. Kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a kì í sì í bá a jà sí i. Nígbà tó kàn mí, tí mo gbé àga wọlé, ó kún gbogbo pálọ̀ wa. Ìyàwó mi wò ó láti orí ẹní, ó fọwọ́ di ìbàdí mú.

"Ẹ jẹ́ kí n jókòó síbẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀yìn ń ro mí."

"Má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Kí ló ṣe é?"

"Ti alágbàtọ́ ni."

"Ta ni alágbàtọ́?"

"Èmi ni."

Ó wojú Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà wo òrùlé.

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mo ru àga lọ sílé ará Àbíjàn, òun ló kàn. Àgádágodo ńlá ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ ní ó ti lọ, ó ní òun gbàgbé nǹkan kan ní Àbíjàn. Mo rù ú lọ sílé ẹni tó tẹ̀ lé e. Ìyẹn ò jẹ́ kí n wọlé.

"Kò tíì kàn mí, Tísà. Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ló kàn mí."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú mi. Ìyàwó mi lóyún."

"Ìyàwó tèmi náà kò yàgàn."

Mo ru àga padà sílé. Gbogbo ènìyàn tí mo kọjá lọ́dọ̀ wọn ń wo ọ̀run bí ẹni pé òjò fẹ́ rọ̀.

Ọjọ́ kejì, láàárọ̀, lọ́rì dé. Àwọn mẹ́jọ ni, pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù pẹtiróòlù mẹ́rin. Olórí wọn jẹ́ ọkùnrin kúkúrú kan, ó wọ kóòtù nínú oòrùn. Kápútéènì ni wọ́n ń pè é. Mo mọ ìtumọ̀ ìyẹn náà, mo ti rí i nínú ìwé ọ̀gá wa. Orí ni. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

Ojúde ni wọ́n kó àwọn àgbà jọ sí. Èmi wà lójú fèrèsé ilé mi, mò ń gbọ́ wọn. Wọ́n ń fi ahọ́n kan àdá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wí pé, "A ò ní ṣíámáànù." Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, ohùn wọn sì dá ṣáká bí ti ẹni tó ń ka Kátíkísìmù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ọgbọ́n wa ti ṣiṣẹ́.

Ìgbà tó kan Ṣíámáànù ni nǹkan yí padà.

"Wọ́n ní ìwọ ni tẹ́lẹ̀."

"Tẹ́lẹ̀ ni. Mi ò ní àga mọ́."

"Àga wo?"

Bàbá náà wo àdá. Irin wà ní ahọ́n rẹ̀.

"Níbo ni àga ọ̀hún wà?"

Alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni Ṣíámáànù. Olóòótọ́ ènìyàn ni. Ó ní, "Ó wà nílé Tísà."

Nígbà tó wá bẹ̀ mí lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, ohun tó sọ ni pé òun ò dárúkọ mi, iṣẹ́ mi lòun dárúkọ.

Mo yíjú padà láti ojú fèrèsé kí n lè gbé àga gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ìyá Àgbà ló wà lórí rẹ̀. Ó ti fìdí kalẹ̀ dáadáa sórí tìmùtìmù pupa, ó gbé abọ́ sẹ́sẹ̀, ó ń bẹ iṣu. Ìkòkò wà lórí àdògán lẹ́nu ọ̀nà, omi rẹ̀ ti ń hó.

"Ìyá Àgbà, ẹ dìde."

"Ta ló kú?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá."

"Orúnkún mi ò lè jókòó sílẹ̀. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́fà tí àga ti wà níbí tí ẹ ń wò ó bí òkú."

Kí n tó tún sọ̀rọ̀, wọ́n ti wọlé. Ìyàwó mi wà ní ìyẹ̀wù, mò ń gbọ́ èémí rẹ̀. Kápútéènì wo àga, ó wo Ìyá Àgbà, ó wò mí. Ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀ gbé gálọ́ọ̀nù dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán.

"Ìwọ," ni Ìyá Àgbà wí fún un, "iná ń jó, o gbé epo mọ́tò tì í. Ṣé o fẹ́ kú ni?"

Ọmọkùnrin náà bojú wolẹ̀. Ó gbé e sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá.

"Ìyá, ta ló ni àga yìí?" ni Kápútéènì bèèrè.

"Ta ló jókòó sí i?"

"Ẹ̀yin ni."

"Kí lo wá ń bi mí fún?"

Ó fi í sílẹ̀, ó na àdá sí mi. "Tísà, fi ahọ́n kàn án. Ta ni ṣíámáànù ìlú yìí?"

Mo fi ahọ́n kàn án. Ó ní iyọ̀ lára, itọ́ gbogbo àgbà ìlú. Mi ò lè sọ pé a ò ní, torí pé àga wà lójú gbogbo wa, ènìyàn sì wà lórí rẹ̀. Mi ò lè sọ pé èmi ni. Mo ronú kan gbogbo ohun tí mo kọ́ wọn lọ́jọ́ àtẹ́wọ́, láti Gíríìkì dé Róòmù, Róòmù dé Faransé. Lẹ́yìn náà mo na ìka.

"Ìyá Àgbà ni," mo wí.

Òótọ́ ni. Irin ò bá mi jà. Mo ti fi arúgbó obìnrin sílẹ̀ fún ọkùnrin mẹ́jọ, kò sì sí irọ́ kan níbẹ̀.

Ìyá Àgbà gbójú sókè láti ibi iṣu. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Kò bínú, ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń wo ìdí iṣu bóyá ó ti jẹrà.

Nígbà náà ni ọ̀kan nínú àwọn tọ́ọ̀gì fa kóòtù Kápútéènì lẹ́yìn. "Ọ̀gá, mo mọ Ìyá yìí. Ọmọ Ẹ̀jìgbò ni wọ́n. Àdúgbò kan náà ni àwọn àti ìyá mi ń gbé. Mi ò lè da nǹkan sí aṣọ funfun yẹn o. Ìyá mi á gbọ́."

"Ìyá tèmi náà á gbọ́," ni ẹlòmíràn wí.

"Ẹgbẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe ṣíámáànù fún?" ni Kápútéènì bèèrè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ti Ògìyán," ni Ìyá Àgbà dá a lóhùn. "Bí wọ́n bá sì ti fi mí jẹ ẹ́ báyìí, ó dáa. Odó wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀yin mẹ́jọ, kò sí ẹni tí kò lè gúnyán nínú yín. Ọmọ mi fẹ́ bímọ, ebi ń pa á, mi ò sì ní agbára mọ́."

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n wo Kápútéènì. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi kọ́ ẹnu ọ̀nà mi, ó sì lọ gbé odó. Nígbà tí iṣu jinná, mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń gún un. Àwọn àgbà tó wà lójúde ń gbọ́ gbì, gbì, gbì láti ilé mi, wọ́n gbà pé èmi ni wọ́n ń lù. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún ọkàn mi.

Wọ́n jẹun, wọ́n fọwọ́. Ṣùgbọ́n Kápútéènì ní àwọn tó rán àwọn níṣẹ́ á bèèrè ohun tí àwọn sun. Ó bẹ Ìyá Àgbà pé kó jọ̀ọ́ dìde. Ìyá Àgbà dìde, Kápútéènì di ọwọ́ rẹ̀ mú kó má baà ṣubú. Wọ́n gbé àga sí àárín ọ̀nà, wọ́n da gálọ́ọ̀nù kan lé e, wọ́n sì dáná sun ún, tìmùtìmù pupa àti agolo mílíìkì tó há sí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Bàbá onígẹdú dùbúlẹ̀ àìsàn fún ọ̀sẹ̀ kan nítorí iná náà. Kò kú.

Ọjọ́ kẹrin ni ìyàwó mi bímọ, obìnrin. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, gbogbo ìlú wá, orí ẹní ni gbogbo wa jókòó sí, àgbà àti ọmọdé. Kò sí ẹni tó bèèrè àga. Ìyá Ṣíámáànù ni wọ́n ń pe Ìyá Àgbà, ó sì ń jẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ irin kò tíì bi mí ní ìbéèrè kan nípa ìka tí mo nà sí i.

Nígbà tí ayẹyẹ fẹ́ parí, bàbá onígẹdú, tí ara rẹ̀ ò tíì yá tán, sún mọ́ mi lórí ẹní.

"Tísà, ẹni tó jókòó sórí ẹní, kí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìyẹn?"

Mo ní mi ò mọ̀. Mo ní mi ò rí i nínú ìwé.

Ìyá Àgbà gbọ́ wa láti ibi tó ti gbé ọmọ lé itan. Ó ní, "Ó mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá fi irin kàn án láhọ́n, á sọ."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo dìde, mo dúró títí wọ́n fi lọ, mo ní orúnkún ń dùn mí.